Súìtì Dúdú Màmá Thamesmead

Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Èmi náà ń ṣe àmín, mo ń gbé omi fún àlejò, àmọ́ ẹ̀rín ló ń gbọ̀n mí nínú. Kì í ṣe pé ikú náà ò dùn mí. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá Màmá Thamesmead gbé, tó wá ní òun fẹ́ ròyìn wọn láìrẹ́rìn-ín, irọ́ gbáà ló ń pa. Èmi Rúkáyátù, tí wọ́n ń pè ní Rúkà, ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ọ̀dọ̀ wọn ní Thamesmead, ní London, ni mo dàgbà sí, torí iṣẹ́ alẹ́ ni Mummy mi ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: lẹ́yìn Ọlọ́run àti àwa ẹbí wọn, kò sí ohun tí Màmá fẹ́ràn tó súìtì dúdú, súìtì dúdú yìí náà ló sì fẹ́ẹ̀ gba ojú lọ́wọ́ wọn.

Ẹ mọ súìtì tí mò ń wí. Èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tó ń fà bíi rọ́bà, tí òyìnbó ń pè ní líkọ́rìsì. Tí ẹ bá fún ọmọ kékeré, á tu ú dànù, á sì máa wò yín bíi pé ẹ fẹ́ pa á. Màmá á sọ ọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ gọngọ, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọ́n ń lá a tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀fọ́, wọ́n ń lá a nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń lá a tí wọ́n bá ń bá àwọn ará Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìgbà ààwẹ̀ nìkan ni ẹnu wọn máa ń sinmi, nígbà náà sì rèé, tí wọ́n bá ti fi dàbínù ṣínu tán, súìtì ló kàn, kí ọbẹ̀ tó dé. Eyín wọn wá ń dúdú lọ díẹ̀díẹ̀. Mummy mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n lọ rí dókítà eyín. Màmá ní, "Ta ni mo fẹ́ fẹ́?"

Uncle Táó, àkọ́bí Màmá, ló ń wa tírélà láti London lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n sì fi kọ́ ilé sí Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n lójú Màmá, súìtì ni wọ́n ń rìn káàkiri lọ rà. Tí Uncle Táó bá dọ̀bálẹ̀ pé àwọn ti dé, Màmá kì í bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. "Dúdú dà?" ni wọ́n máa ń sọ. Nígbà tó yá, gbogbo wa la kọ́ ọ. Ẹni tó bá lọ sí ibikíbi, yálà fún ìsinmi ni o tàbí fún ìgbéyàwó, kò gbọ́dọ̀ wọlé tọ Màmá lọ́wọ́ òfo, torí ta ló máa ti ìrìn àjò dé tí kò ní mú nǹkan bọ̀ fún àgbà ilé? Màmá á tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa dájọ́ fún wọn. Ti Holland, tó níyọ̀ díẹ̀, wọ́n ní ó ní làákàyè. Ti Ítálì wà nínú agolo kékeré báyìí, ó le bí òkúta, kò sì ní ṣúgà rárá; Màmá ní ahun ló ṣe é. Ti Faransé funfun bí ẹyin ẹyẹ, hóró ánísì kan, èso kékeré tó ń ta sánsán, ló wà láàárín ẹ̀. Wọ́n ní ó dáa fún ẹni tó bá fẹ́ máa pẹ́ níbi iṣẹ́, torí kì í yọ́ bọ̀rọ̀. Àmọ́ ti Finland ni baba wọn. Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀, ó korò, Uncle Táó sì ní òórùn ohun tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ ló ń rùn. Màmá fi sẹ́nu, wọ́n pa ojú méjèèjì dé. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí ti sunkún rí."

Èèyàn lè rò pé ọ̀kánjúwà ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ dé London, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Abbey Wood ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí Màmá wẹ̀ fún un tán, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí, ó fún wọn ní súìtì dúdú kan. Màmá fi sẹ́nu nítorí ọ̀wọ̀. Bó ṣe kan ahọ́n wọn báyìí, ṣe ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá náà, tí kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní adùn wérénjéjé ni, ewé kan báyìí tí èso rẹ̀ pupa, tó lójú dúdú. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú, tí ikọ́ bá ń bá wọn jà, ìyá wọn á já ewé ẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́, dídùn ló máa ń dùn. Ṣùgbọ́n èso ẹ̀ májèlé ni, ó ń pa èèyàn. Ìyá wọn á wá dúró tì wọ́n, á ní, "Ewé ni o jẹ. Má fọwọ́ kan èso." 

Ọ̀rọ̀ yẹn, Màmá fi jẹ gàba lé gbogbo wa lórí. Tí mo bá pẹ́ lórí fóònù, wọ́n á ní ewé ni kí n jẹ. Nígbà tí mo mú ọmọkùnrin kan wálé, tó rẹwà tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, Màmá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n bi í léèrè bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀. Bó ṣe jáde tán, mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe rí i?" Wọ́n gbé súìtì láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ sí òsì. Wọ́n ní, "Èso ni."

Òótọ́ sì ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti igo yẹn báyìí, bí Uncle Táó tiẹ̀ máa bínú sí mi. Awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn kan, ará Gíríìsì, gbọ́ pé ìyá wọn fẹ́ràn nǹkan tó ń ta sánsán bí ánísì. Ọkùnrin yẹn lọ gbé igo kan wá láti ilé, igo tí wọn ò lẹ ìwé kankan mọ́, ó ní ẹ̀bùn ni fún Ìyá. Uncle Táó dúpẹ́, wọn ò bèèrè ohunkóhun. Nílé, Màmá ṣí i, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, inú wọn dùn, àmọ́ ó ta wọ́n nímú débi pé omi bọ́ lójú wọn. Ṣé ẹ mọ àwọn ìyá wa? Ohun tó bá ti ta wọ́n nímú tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe mímu mọ́, ìpara ni. Màmá ní, "Nǹkan tó le báyìí, orúnkún ló ni ín." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orúnkún láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé oògùn òyìnbó ò tó o.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n lọ sí Àṣàlátù wọn ní Thamesmead West, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀, tó ti di mọ́ṣáláṣí báyìí, tí ṣọ́ọ̀ṣì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó máa ń jókòó ti Màmá ni Alhaja Múnírà, ọmọ Ìbàdàn, tí òyì máa ń kọ́ tí wọ́n bá dìde lẹ́yìn ìforíkanlẹ̀ torí pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn máa ń lọ sílẹ̀ jù. Àwọn méjèèjì kì í pe ara wọn ní "ìwọ" rí. Ọjọ́ yẹn ni "ẹ" fò lọ, tí Alhaja Múnírà pe Màmá lórúkọ.

"Ṣìdí, kí lò ń rùn báyìí?"

"Oògùn orúnkún ni."

"Oògùn orúnkún ilé ọtí wo?"

Màmá ní kí wọ́n tún un wí. Alhaja Múnírà tún un wí, wọ́n sì gbé ohùn sókè kí ìlà ẹ̀yìn lè gbọ́. Inú bí Màmá, wọ́n gba ilé lọ, wọ́n pe Uncle Táó. Uncle Táó bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n bomi sí i kí wọ́n lè tọ́ ọ wò dáadáa. Bí omi ṣe kàn án báyìí, nǹkan tó mọ́ gaara di funfun bí omi ògì lójú gbogbo wa. Uncle Táó ká ọwọ́ lérí. Wọ́n rántí pé àwọn ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, níwájú àwọn awakọ̀ Gíríìsì àti ti Tọ́kì àti ti Faransé, tí oníkálukú ń sọ pé ti ìlú òun ló dáa jù. Ọtí ni. Ánísì ni wọ́n fi ṣe é, ó lágbára ju ọtí bíà lọ fíìfíì. Màmá wo kọ́ọ̀bù, wọ́n wo orúnkún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, orúnkún mi ti ń mutí, ẹnu mi ò mọ̀."

Ààfáà wọn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n fọ orúnkún, kí wọ́n ṣe àlùwàlá, kí wọ́n tún ìrun kí, pé Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. A da ọtí inú igo náà sínú ilé ìgbẹ́, ibẹ̀ sì ń ta sánsán débi pé Mummy ní ó dà bíi pé a ra ilé tuntun. Ṣùgbọ́n Màmá àti Alhaja Múnírà ò kíra wọn mọ́. Wọ́n á jókòó ní ìlà kan náà, èjìká á kan èjìká, kálukú á sì kọjú síwájú bíi pé ògiri ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Èyí dun Màmá ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń sọ fún ara wọn ní kíṣìnnì pé, "Ará Ìbàdàn yẹn kúkú lẹ́nu, àmọ́ ó mọ adúà ṣe."

Nígbà yẹn, ojú Màmá ti ń ṣú. Nǹkan funfun kan bo ẹyinjú wọn méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní kátárákì. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọ́n ń ṣe é fún àwọn arúgbó lójoojúmọ́. Ohun tó ká Màmá lára jù ni Kùránì. Wọ́n kọ́ ọ dé ojú ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, nígbà tí wọn ò tíì fi àwọn ọmọbìnrin sí ilé kéwú púpọ̀, wọ́n sì fi ń yangàn. Nísinsìnyí, wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á tún pa á dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá dé ọsibítù ojú, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n á ní ó ga jù, pé àwọn ò lè ṣe é àfi ká padà sílé ká lọ mú un wálẹ̀. Mummy yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Wọ́n yọ mágì. Ẹ̀fọ́ wá dà bí omi òjò. Uncle Táó ní ẹnu Alhaja Múnírà ló ń bá Màmá jà. Dókítà á bèèrè ohun tí Màmá ń jẹ, Màmá á ka ẹ̀bà, á ka ìrẹsì, á ka ẹja, èmi á máa tú u sí òyìnbó. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò rántí súìtì. Ta ló ń pe súìtì ní oúnjẹ? Ṣé èèyàn máa ń bu súìtì sábọ́ ni?

Inú rere Màmá ló tú àṣírí. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣe ń di ọwọ́ wọn láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, Màmá gbọ́ ọ lóhùn ọmọ yẹn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú súìtì Finland kan nínú báàgì, wọ́n ní, "Gbà, ọmọ mi, fi panu." Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ń jẹ èyí dáadáa. Màmá rò pé ó ń wo àwọn bí ẹni tí ò ní lọ́wọ́ ni, wọ́n tẹ́ àyà, wọ́n ní kí n sọ fún un pé àwọn ọmọ àwọn ń kó o wá láti gbogbo ayé, àwọn ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn fi kálàmù sílẹ̀. Ó ní gbòǹgbò líkọ́rìsì gan-an ló wà nínú nǹkan yìí, pé tí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ báyẹn, ó máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, pé kí Màmá dá a dúró. Ti ánísì yàtọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lẹ́nu. Ìyẹn ò ṣe nǹkan. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀bùn àwọn ọmọ mi ló wá fẹ́ fọ́ mi lójú?"

Wọ́n ní àwọn ti jáwọ́. A gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò gbà. Mo wá rí i pé Màmá ti fẹ́ràn àtimáa lọ gba afẹ́fẹ́ lórí fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá odò, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ, wọ́n á wọ̀ ọ́ bọ̀, nínú òtútù. Mo tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo fẹ́ ká wọn mọ́ ọn, kí n fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí ọdún á fi parí. Mo jókòó sí iwájú wọn gan-an, orúnkún mi fẹ́ẹ̀ kan tiwọn, mo sì pa ẹnu mọ́. Màmá ṣí báàgì, wọ́n sọ ọ̀kan sẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọn ò lè jẹun níwájú èèyàn láìfi lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n na ọ̀kan sí mi, wọ́n fi òyìnbó wọn sọ pé kí n gbà, ó dáa fún ikọ́. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní tí mo bá pàdé ọmọ ọmọ àwọn lọ́nà, Rúkà lorúkọ ẹ̀, kí n má sọ fún un pé mo rí àwọn.

Mo fara sún mọ́ wọn. 

"Màmá, èmi ni. Rúkà ni."

Ọwọ́ wọn ò lọ, ọwọ́ wọn ò bọ̀. Wọ́n wá na án sí ojú mi, wọ́n fọwọ́ pa imú mi, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹkún gbé mi. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ohùn mi nìkan ni Màmá ń rí. Wọ́n tu súìtì sínú tíṣù, wọ́n ká a, wọ́n ní, "Ó tó."

Nígbà tí Àṣàlátù máa fi pé lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ti kó gbogbo dúdú wọn sínú báàgì onítáyà, ti Holland, ti Finland, ti Ítálì. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn fà á. Wọ́n fà á wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n fà á wọ mọ́ṣáláṣí, ó ń dún gbàràgbàrà lórí ilẹ̀ nígbà tí Ààfáà ń ṣe wáàsí lọ́wọ́. Wọ́n dá a dúró níwájú Alhaja Múnírà. Gbogbo ìlà àwọn obìnrin yíjú síbẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi ga," Màmá ní. "Tiyín lọ sílẹ̀. Ẹ gbà á, kó gbé yín sókè díẹ̀."

Alhaja Múnírà wo báàgì, wọ́n wo Màmá. "Alhaja, ṣé kì í ṣe ọtí ló wà níbẹ̀?"

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú mọ́ṣáláṣí yẹn, Ààfáà fúnra wọn dúró dè é kó tán. Dókítà Alhaja Múnírà ní òun kì í fi súìtì wo aláìsàn, kí wọ́n ṣọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí àpótí, wọ́n ń já ọ̀kan jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ẹ́jíbítì kan ní mọ́ṣáláṣí wá fún Màmá ní hóró ánísì, ó ní kí wọ́n máa sè é bíi tíì. Màmá mu ún, wọ́n ní ó gbìyànjú.

Wọn ò padà sídìí súìtì mọ́, àní nígbà tí Uncle Táó gbàgbé tí wọ́n tún ra ti Holland bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ṣe ojú kan, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ìkejì. Láàárọ̀ tí a ṣí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, gbogbo wa dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Màmá ṣẹ́jú, wọ́n wo òkè. Wọ́n ní, "Ta ló ń fi ilé alántakùn sílẹ̀ báyìí?" Mummy sá lọ gbé ìgbálẹ̀. Wọ́n kọjú sí Uncle Táó, wọ́n ní, "Táó, irun ẹ dà?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá rí mi. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún wò mí padà sókè. Ọmọ tí wọ́n rí kẹ́yìn dáadáa, yunifọ́ọ̀mù ló wọ̀. "Rúkà," wọ́n ní, "o ti dàgbà tó báyìí, o ò sì sọ fún mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní kí n gbojú sókè, àwọn ò tíì wò ó tán. Wọ́n ní, "Ojú yìí, súìtì ni mo fi rà á. Màá lò ó tán pátápátá."

Wọ́n sì lò ó. Wọ́n ka Kùránì lójú fèrèsé láràárọ̀, wọ́n á parí ẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì. Wọ́n sọ fún Alhaja Múnírà pé tìróò wọn ò dọ́gba. Wọ́n ń wo àwa tí a bá ń jẹun, wọ́n ń wo òjò, wọ́n ń wò mí tí mo bá ń múra lọ síbi iṣẹ́ títí tí mo fi máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo ibòmíì.

Lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́jọ́ tí wọ́n kú, orí àga wọn la ti bá wọn, ojú wọn ṣì là sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ojú ọ̀nà tí a máa ń gbà wọlé. Mummy ò lè ṣe é. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi pa á dé, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Màmá ti lò ó tán.